Ta Ló Kún Ojú Òṣùwọ̀n? Bí A Ṣe Ń Yan Ènìyàn Síṣẹ́ l'Ékòó Láìfi Ti Ẹ̀yà Ṣe É

Láti Ìdúmọ̀tà títí dé Oyíngbò, kò sí ọ̀gá tí kò ní sọ fún yín pé ẹni tó mọṣẹ́ lòun ń wá. Síbẹ̀, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ kiri, ẹ ó rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìlú kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ti wá, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Kì í ṣe pé inú ọ̀gá burú. Ọ̀nà tó gbà wá ènìyàn ló mú irú ẹni tó rí wá bá a. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, fún ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi síbi tí wọ́n ti ń yan ènìyàn láàrin àwọn tí ẹ̀yà wọn kò papọ̀.

Ohun kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi yan ènìyàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ fẹ́ wò, ẹ kọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà tó wà ládùúgbò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀, ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ kọ iye wọn. Èyí tí a kò bá kọ ló máa ń di ojúsàájú nígbà tí ẹni tiwa bá yọjú.

Ẹ kọ iṣẹ́ náà, ẹ má kọ ìwà

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká máa tẹ̀ lé e lọ: ilé ìtajà kan ní Oyíngbò tó ń ta ìrẹsì, ṣúgà àti òróró lósùnwọ̀n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú sítọ́ọ̀. Kí ni onítọ̀hún yóò máa ṣe? Yóò gba ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, yóò kà á, yóò fi wé ìwé ẹrù. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Yóò kó ẹrù jáde fún ẹni tó bá mú risíìtì wá. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò lè sọ iye tó kù láìṣẹ̀ṣẹ̀ wá a kiri. Bí nǹkan bá dín, yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó tán. Bí ẹ bá kọ ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ẹ ti ń fi ohun tí kò kan iṣẹ́ kún un.

Ẹ má kọ “olóòótọ́” tàbí “ọmọlúàbí” sínú ìkéde. Kò sí ẹni tí yóò ní òun kì í ṣe olóòótọ́, ẹni tó bá sì ń fi máàkì sí i yóò rí òótọ́ lójú ẹni tó bá jọ ọ́. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: “Kò ní jẹ́ kí ẹrù jáde láìsí risíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò ọ̀gá ló wá béèrè.” Èyí ṣeé dán wò.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí náà gba ìṣọ́ra. Bí ẹni tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama bá lè ṣe iṣẹ́ náà, tí ẹ wá ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì wá, agbára òbí lẹ ń wọ̀n. Bákan náà ni “kí ó máa gbé ní Sùúrùlérè.” Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ó dé ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ kọ aago náà, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Agége fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí yóò jí.

Èdè ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fara pamọ́. Bí oníbàárà bá ń sọ Yorùbá, ó tọ́ kí ẹni tó ń tà á lọ́jà gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ dán èdè wò, ẹ má fi orúkọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Èbúté Mẹ́tà ló ń sọ Yorùbá tó já gaara, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá wà ní Èkó yìí tí kò lè ná ọjà ní èdè bàbá rẹ̀. Ẹ fún onítọ̀hún ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó bá ẹnì kan ná òróró. Bó bá yege, ó yege. Sítọ́ọ̀ tí oníbàárà kì í dé kò nílò ìdánwò èdè rárá ju èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé ibẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ kéde rẹ̀ sí

Bí ìkéde kò bá kọjá WhatsApp ẹbí àti ti ìjọ, iṣẹ́ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀: àwọn tó jọ yín nìkan ni yóò gbọ́. Ẹ gbé e sí ibi mẹ́rin ó kéré tán, tí wọn kò pé ènìyàn kan náà jọ: pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àti ibi tí àwọn tó ń wáṣẹ́ ti ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rìnlá sílẹ̀. Ẹ kọ iye owó oṣù síbẹ̀. Bí ẹ bá fi í pamọ́, ẹni tó ní ará nínú ilé nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n, tí yóò sì mọ iye tí òun yóò béèrè.

Ẹ bo orúkọ mọ́lẹ̀

Ní 2004, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston àti Chicago ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó kéde iṣẹ́, wọ́n kọ orúkọ tó dún bí ti aláwọ̀ funfun sórí àwọn kan, wọ́n kọ èyí tó dún bí ti aláwọ̀ dúdú sórí àwọn ìyókù. Ohun tó wà nínú ìwé kò yàtọ̀, síbẹ̀ ìpè tí orúkọ aláwọ̀ funfun gbà fi nǹkan bí ìdajì ju ti èkejì lọ. Èkó kò níí ṣe pẹ̀lú àwọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá nìkan ti tó níbí láti sọ ẹ̀yà ẹni, ẹ̀sìn ẹni, nígbà mìíràn ìlú ẹni gan-an.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan tí kò ní fi máàkì sí ohunkóhun ni kí ó gba gbogbo ìwé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá kéré tí kò sí ẹlòmíràn, ẹ bẹ ọlọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Yóò fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, K1, K2 títí lọ, yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú ìwé kan, yóò sì lẹ àpòòwé rẹ̀ pa. Yóò wá bo nǹkan wọ̀nyí kí ó tó ṣe ẹ̀dà: orúkọ, àwòrán, ìpínlẹ̀ àti ìlú tí ènìyàn ti wá, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, bóyá ó ti ṣègbéyàwó, àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Kí ó fi irú ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ó mú orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ti ìjọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: àdírẹ́sì ímeèlì ní orúkọ nínú, orúkọ àti àwòrán máa ń hàn lórí WhatsApp, ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ “olórí ẹgbẹ́ akọrin” sí abẹ́ ohun tó ti ṣe rí. Ẹni tó ń gba ìwé gbọ́dọ̀ ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan tán pẹ̀lú máákà dúdú lọ́wọ́. Ẹni mẹ́wàá kò gbà ju wákàtí kan lọ.

Ìdánwò iṣẹ́ gan-an

Bí àyè àti owó kò bá jẹ́ kí ẹ ṣe ju ohun kan lọ nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe ìdánwò iṣẹ́. Òun ló súnmọ́ òótọ́ jù. Ẹ pín máàkì ọgọ́rùn-ún báyìí: ìdánwò iṣẹ́ 50, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 30, ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti ṣe rí 20. Ẹni tí kò bá ní 60 kò wọlé, ẹni yòówù kó jẹ́.

Fún sítọ́ọ̀ tiwa, ẹ tẹ ìwé ẹrù kan tó ní ìlà méjìlá, kí ẹ tẹ ojú ewé ìwé sítọ́ọ̀ kan tó yẹ kí ó bá a mu. Ẹ fi àṣìṣe mẹ́rin pamọ́ sínú rẹ̀. Àpò ìrẹsì 50 ló wà nínú ìwé ẹrù, 48 ni wọ́n kọ sínú ìwé sítọ́ọ̀. Iye owó ṣúgà kò bá iye àpò rẹ̀ mu nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà risíìtì kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ ọjọ́ tí òróró jáde ṣáájú ọjọ́ tó wọlé. Ẹ gbé kalukuletọ̀ àti pẹ́ńsù sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ẹ fún wọn ní ogójì ìṣẹ́jú. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tó bá rí, máàkì 8. Ìlà tuntun kan tó bá kọ sínú ìwé tó mọ́ tó sì péye, 10. Kí ó wá sọ ohun tí yóò ṣe nípa àpò ìrẹsì méjì tó dín, 8. Ìlà tó tọ́ tó bá pè ní àṣìṣe, ẹ yọ 2, nítorí ẹni tó bá ń fura sí gbogbo ìlà kò rí nǹkan kan.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ fún òṣìṣẹ́ yín tó mọṣẹ́ jù lọ kí ó ṣe é. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní 35 nínú 50, ìdánwò náà le ju iṣẹ́ lọ, àwọn tó mọ ìwé kà dáadáa nìkan ni yóò yege. Gbogbo wọn ni kí ẹ fún ní owó ọkọ̀ kan náà, kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán àti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ojú bá kan ojú

Orúkọ kò ṣeé bò mọ́ níhìn-ín, torí náà ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà. Ẹni mẹ́ta ni kí ó jókòó, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ẹ̀yà kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ìbéèrè mẹ́fà, kan náà fún gbogbo ènìyàn, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn, máàkì márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tí ìdáhùn máàkì 1, ti 3 àti ti 5 yóò jọ sílẹ̀ ṣáájú. Bí àpẹẹrẹ: “Àbúrò ọ̀gá wá, kò ní risíìtì, ó ní òun fẹ́ àpò méjì kíá.” Ẹni tó ní òun yóò kó o fún un, 1. Ẹni tó ní òun yóò pe ọ̀gá kí òun tó kó o, 3. Ẹni tó ní òun yóò pe ọ̀gá, òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú aago àti orúkọ, onítọ̀hún yóò sì buwọ́ lù ú, 5. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ máàkì tirẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí àgbà inú wọn bá kọ́kọ́ la ẹnu pé “ọmọ yìí dára,” àwọn ìyókù kì í lè ta kò ó mọ́.

Ẹ yọ ìbéèrè ìgbádùn kúrò. “Ọmọ ibo ni ẹ́?” “Ta ni bàbá rẹ?” Ìbéèrè ìfẹ́ ni láàrin wa. Níbi tí a ti ń yan òṣìṣẹ́, ó máa ń fún ẹnì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ̀rín, ó sì ń fún èkejì ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ìkíni ló máa ń ṣini lọ́nà jù l'Ékòó. Ọmọ Yorùbá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ tàbí ó kúnlẹ̀. Inú àgbà dùn. Ọmọ Ìgbò tàbí Ìbìbíò wọlé, ó kí yín lórí ìdúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Àgbà ti kọ “agbéraga” sínú ọkàn rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí kan kò bọ ọkùnrin lọ́wọ́. Wọ́n ní kò láyọ̀. Ó sì tún ń yí padà: ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í wo àgbà lójú, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yíyan ènìyàn ní báńkì yóò sì ní kò dá ara rẹ̀ lójú. Kí ẹ pinnu ṣáájú pé ìkíni, ìwo-ojú àti aṣọ kò ní máàkì, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé.

Fún ẹ̀rí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, ẹ má béèrè lẹ́tà nìkan. Ọmọ Ìgbò tó sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan lọ́jà kò ní lẹ́tà kankan, ó sì lè mọ sítọ́ọ̀ ju ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ. Ẹ pe ọ̀gá náà, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kan náà tí ẹ bi gbogbo àwọn tí ẹ pè.

Onídùúró náà ń yọ ènìyàn kúrò láìfọhùn. Bí ẹ bá ní kí ó jẹ́ onílé l'Ékòó tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kánò tàbí Àbíá kò ní rí i, bó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ tó báyìí. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ni pé kí ó má sá lọ. Ẹ gba onídùúró méjì níbikíbi ní Nàìjíríà, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà tí ẹ ti pè, kí ẹ́ sì fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ìgbà tó tọ́ kí a ka ẹ̀yà

Ẹni tó bá ní ẹ̀yà kò yẹ kí ó wọ ọ̀rọ̀ kankan kò tíì ronú dé òpin. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1979 ló fi í sí abala 14(3) pé kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe kún fún ẹ̀yà tàbí ìpínlẹ̀ díẹ̀. Ti 1999 tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ti dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀ ní 1996. Ìwé Òfin 1999 kan náà, ní abala 42, ní kí ìjọba má ṣe fìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè nítorí ẹ̀yà, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn tàbí bóyá akọ ni tàbí abo. Méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ìgbaniwọlé pín àyè sí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún máàkì nìkan, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, ìdá 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rìn dé dáadáa. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣèdánwò sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ bíi King's College tàbí Queen's College l'Ékòó mọ oró irú ìpín bẹ́ẹ̀: ọmọ ìpínlẹ̀ kan wọlé pẹ̀lú máàkì tó kéré sí èyí tí ọmọ tiwọn fi kùnà. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ìwé tètè dé etíkun ju àárín gbùngbùn ilẹ̀ lọ, iyàtọ̀ náà kò sì tíì parí.

Ibi tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ète rẹ̀. Ọmọ olówó inú ẹ̀yà náà ló máa ń gba àyè tí wọ́n tọ́jú fún òtòṣì. Ẹni tí wọ́n bí sí Múṣín, tó dàgbà níbẹ̀, ni wọ́n ṣì ń kà mọ́ ìpínlẹ̀ bàbá tí kò dé rí. Kò sì sí ọjọ́ tí yóò parí. Ní Íńdíà, ní 1992, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ gba ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ẹgbẹ́ tó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n yọ àwọn tó ti rọ́wọ́ mú láàrin wọn kúrò, kí gbogbo ìpín má sì kọjá ìdajì. Ní Amẹ́ríkà, ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí Harvard àti University of North Carolina má ṣe fi ẹ̀yà ṣe ìwọ̀n ìgbaniwọlé mọ́.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ìpín, ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ: àyè mélòó, ta ló tọ́ sí, máàkì tó kéré jù, àti ọdún tí ẹ ó tún un yẹ̀ wò. Ká ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wà fún ọmọ mẹ́wàá, ẹ sì fẹ́ tọ́jú mẹ́ta fún àwọn ọmọ Mákòókó tí ilé ìwé wọn kò tó. Ẹ pín méje àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn, ọmọ Mákòókó pẹ̀lú, ní ti máàkì nìkan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín mẹ́ta. Bí ọmọ Mákòókó méjì bá wà nínú méje àkọ́kọ́, márùn-ún ni wọn yóò jẹ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ pín mẹ́ta yẹn, àwọn méjì tó mọ̀wé jù yóò lo méjì nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ mẹ́ta péré ni gbogbo wọn yóò jẹ́. Ìlérí kan náà ni lórí ìwé, ọmọ méjì ló bọ́ nínú rẹ̀ nítorí ètò. Kí máàkì tó kéré jù jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo wọn, ká ní 50. Bí ẹni mẹ́ta kò bá dé ibẹ̀, kí àyè náà padà sí ti gbogbogbò, kí ẹgbẹ́ sì gba olùkọ́ fún wọn kí ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Wọn yóò pa òwe fún yín: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ tiwa. Owó tí gbogbo àdúgbò dá kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ẹnì kankan.

Bí ẹni méjì bá fi máàkì mẹ́ta tàbí kí ó dín bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ, ọgbọọgba ni wọ́n. Ìwọ̀n yín kò péye tó láti yà wọ́n. Níbí ni ẹ lè wo ẹni tí irú rẹ̀ kò sí nínú òṣìṣẹ́ yín, tàbí kí ẹ ṣẹ́ kèké, bí ẹ bá ti kọ èyí tí ẹ ó ṣe sílẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò

Ẹ fi ìwé kékeré kan kún fọ́ọ̀mù, tí kò pọn dandan láti kọ, tó béèrè ẹ̀yà àti bóyá akọ ni tàbí abo. Nọ́ńbà K ni kí ó wà lórí rẹ̀. Kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ìwé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nígbà náà ni kí ẹ ṣírò. Bí Yorùbá 20 bá wá, tí 10 yege ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìdá 50 nìyẹn. Bí àwọn ìyókù jẹ́ 15, tí 3 yege, ìdá 20 ni. Ẹ fi 50 pín 20: 0.4. Ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1978 ní bó bá ti kéré sí 0.8, kí wọ́n yẹ ìpele náà wò. Kò túmọ̀ sí pé ojúsàájú wà, pàápàá bí iye ènìyàn bá kéré. Ó ń sọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò. Bí ìdánwò iṣẹ́ bá fún wọn ní 0.9 tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún wọn ní 0.4, ẹ tún àwọn ìbéèrè mẹ́fà náà kà, kí ẹ sì bi àwọn mẹ́ta tó jókòó pé kí ni wọ́n fi máàkì sí.

Kí ọjọ́ méje tó pé, ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ṣèdánwò, ẹni tó yege àti ẹni tí kò yege, pẹ̀lú máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tọ́jú ìwé wọn fún oṣù méjìlá. Láti ìgbà tí àtúnṣe kẹta sí Ìwé Òfin ti di òfin ní 2011 ni National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn iṣẹ́, ti ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ojúsàájú níbi iṣẹ́, ìwé wọ̀nyí sì ni ẹ̀rí yín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá wá bínú pé ẹ kò mú ọmọ òun, ẹ mú ìwé ìdánwò ọmọ náà jáde, ẹ fi ìlà ìrẹsì 50 àti 48 hàn án, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ náà lè tún wá ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.